Ìjàpá bàbá yín: ẹ má jẹ́ kí wọ́n fi pọ́tì sin ìpáàrà

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́, ọ̀gá. Bàbá mi fi Volkswagen Ìjàpá kan sílẹ̀ tí wọ́n rà ní tuntun ní ọdún 1978. Ó ti tó ọdún mẹ́rìnlá tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò ní ilé wa ní Abẹ́òkúta. A fẹ́ tún un ṣe ká fi rántí wọn ní oṣù Kejìlá. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó wá wò ó ní ọjọ́ márùn-ún péré ni: òun á ha ìpáàrà ojú rẹ̀, òun á fi pọ́tì dí ibi tó ti lu, òun á sì fọ́n ọ̀dà búlúù tó wà lára rẹ̀ tẹ́lẹ̀ sí i. Ṣé kí a gbà? Níbo gan-an ni ìpáàrà máa ń sá pamọ́ sí nínú ọkọ̀ yìí, báwo la sì ṣe máa múra rẹ̀ sílẹ̀ de ọ̀dà?"

Ẹ kú àṣẹ̀yìndè bàbá, ẹ sì kú àmójútó ohun tí wọ́n fi sílẹ̀. Inú mi dùn pé ẹ béèrè kí wọ́n tó fọwọ́ kàn án.

Ẹ má gbà. Ọkùnrin yẹn kò parọ́ nípa ọjọ́ márùn-ún o. Ọjọ́ márùn-ún tó dáadáa láti bo ìpáàrà mọ́lẹ̀. Àmọ́ ihò tí ẹ ń rí lójú ọkọ̀ yẹn, láti ẹ̀yìn ló ti wá. Ibi tí irin ti ń jẹ kò sí lójú, abẹ́ ló wà. Ẹni tó bá ha ojú nìkan fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ ó ń pa lápálápá ni.

Èmi náà ti ṣe é rí, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi gbogbo ẹnu sọ ọ́. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe fírídọ̀ọ̀mù lọ́dọ̀ ọ̀gá mi nígbà náà, ọwọ́ mi ń yá, mo sì ń wá owó. Olùkọ́ kan gbé Ìjàpá wá, ó ti lu ní abẹ́ gíláàsì ẹ̀yìn. Mo ha á, mo fi pọ́tì dí i, mo yọ́ ọ títí tó fi dán, mo fọ́n ọ̀dà sí i. Gbogbo ẹni tó rí i ló yìn mí. Kò pé oṣù mẹ́jọ tó fi gbé e padà wá. Kò bá mi jà. Ó kàn ní kí n fi ìka tẹ ibẹ̀. Ìka mi wọlé lọ títí dé oríkèé kejì, omi pupa sì ṣàn jáde lórí ọ̀dà tí mo fọ́n. Láti ọjọ́ náà ni mi ò ti fi pọ́tì dí ihò lára ọkọ̀ mọ́.

Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀, torí kò ní ṣòro fún ẹni tó bá mọ̀ ọ́n láti mọ iṣẹ́ tó dáa. Kí irin tó lè dógùn-ún, ó gbọ́dọ̀ rí omi àti atẹ́gùn. Bí iyọ̀ bá wà nínú omi náà, á yá kánkán, ìdí nìyẹn tí ọkọ̀ tó ń gbé lẹ́bàá òkun ní Èkó tàbí Badagry fi ń tètè jẹra ju ti Abẹ́òkúta lọ. Ìpáàrà máa ń gbààyè ju irin tó ti ara rẹ̀ wá lọ, torí náà ló ṣe máa ń ti ọ̀dà sókè tí ọ̀dà á fi lé ròrò. Ó tún máa ń ní ihò wínníwínní, á fa omi mọ́ra, á sì gbé e pamọ́ síbi tí oòrùn kò lè dé. Tí ẹ bá wá lẹ pọ́tì mọ́ irú ojú bẹ́ẹ̀, pọ́tì fúnra rẹ̀ máa ń fa omi bíi gàrí. Ẹ̀yìn irin náà wà ní ìhòòhò, omi ń gba ibẹ̀ wọlé, pọ́tì ń mu ún, ìpáàrà ń jẹun lọ. Ojú á máa dán, abẹ́ á máa rà.

Kí ẹ tó pe ẹnikẹ́ni, ẹ fúnra yín lọ wo ọkọ̀ náà. Ẹ mú tọ́ọ̀ṣì, sukudíráfà ńlá kan, àti irin òòfà kékeré tí ẹ fi aṣọ wé kó má ha ọ̀dà. Ẹ bẹ̀rẹ̀ láti abẹ́ ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún. Ibẹ̀ ni bátìrì Ìjàpá máa ń wà. Ásíìdì tó ti ń rọ síbẹ̀ láti ọ̀pọ̀ ọdún wá máa ń jẹ irin tó wà lábẹ́ rẹ̀ run, ó wọ́pọ̀ kí ẹ gbé ìjókòó kúrò kí ẹ máa wo ilẹ̀ láti inú ọkọ̀. (Ẹ jọ̀ọ́, tí bátìrì bá ṣì wà níbẹ̀, ẹ yọ ọ́ lónìí. Sípíríǹgì ìjókòó lè kan orí bátìrì tí èèyàn tó wúwo bá jókòó lé e, ọ̀pọ̀ Ìjàpá ló ti gbiná látibẹ̀.) Níbi tí ẹ wà yẹn náà, ẹ wo ẹ̀yìn irin gígùn tó la àárín ọkọ̀ kọjá: wọ́n tẹ nọ́ńbà ṣáásì síbẹ̀. Ẹ ya fọ́tò rẹ̀. Ẹ kìlọ̀ fún ẹni tó bá máa ṣiṣẹ́ náà pé kò gbọ́dọ̀ gé ibẹ̀, kò sì gbọ́dọ̀ lọ̀ ọ́, torí òun ló bá ìwé ọkọ̀ mu.

Lẹ́yìn èyí, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì kúrò. Abẹ́ rẹ̀ ni ẹ máa bá ohun dúdú kan bí ọ̀dà ojú títì tí wọ́n lẹ̀ mọ́ irin kí ariwo má bàa pọ̀. Tó bá ti là, omi ti wọ abẹ́ rẹ̀ nìyẹn. Ẹ fi sukudíráfà gún un, pàápàá níbi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ máa ń wà àti ní etí ibi tí ilẹ̀ ọkọ̀ ti pàdé ara.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ pẹ́ sí jù lọ ni àpótí irin gígùn tó wà lábẹ́ ilẹ̀kùn lọ́tùn-ún àti lósì, èyí tí àwọn tó mọ Ìjàpá ń pè ní hítà ṣánẹ́ẹ̀lì. Ẹ mọ̀ pé ẹ́ńjìnnì Ìjàpá wà lẹ́yìn, atẹ́gùn ló sì ń mú un tutù, kò lo omi. Àwọn Jámánì tó ṣe é wá lo ooru ẹ́ńjìnnì náà láti mú inú ọkọ̀ móoru nígbà òtútù: atẹ́gùn gbígbóná á gba inú àpótí méjèèjì yìí lọ síwájú. Nílẹ̀ wa, ta ló nílò ooru? Torí náà ni àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà wa fi máa ń kà á sí ohun tí kò wúlò, wọ́n á fi páànù bò ó, ó parí. Àṣìṣe tó burú jù tí mo mọ̀ nípa Ìjàpá nìyẹn. Àpótí méjèèjì yẹn ni òpó ilé. Àwọn ni wọ́n di ara ọkọ̀ mú, bóòtì tó de ara mọ́ ṣáásì sì pọ̀ jù lọ ní abẹ́ wọn. Tí wọ́n bá ti jẹra, ọkọ̀ náà á máa tẹ̀ díẹ̀díẹ̀ láàárín, bó ti wù kí ọ̀dà rẹ̀ máa dán tó.

Bí ẹ ṣe máa mọ̀ nìyí: ẹ ṣí ilẹ̀kùn awakọ̀, ẹ wo bó ṣe ń padà sáyè rẹ̀. Ṣé ẹ ní láti gbé e sókè kó tó pa dé? Ẹ wo àlàfo tó wà láàárín ilẹ̀kùn àti ara ọkọ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀. Tó bá fẹ̀ níbì kan tó sì fún níbòmíì, ẹ dọ̀bálẹ̀ kí ẹ yọjú sí abẹ́. Ẹ fi ìdí sukudíráfà lu àpótí náà láti iwájú dé ẹ̀yìn. Irin tó le á dún kéńkéń. Pọ́tì tàbí ìpáàrà á dún pù, bí ìgbà tí èèyàn lu pákó tó ti rà. Ẹ gbé irin òòfà lé e: níbi tí kò bá ti di mọ́ ọn, ẹnìkan ti fi pọ́tì ṣe irin níbẹ̀ ṣáájú yín. Ẹ wo ibi tí wọ́n máa ń ti jáàkì bọ̀ pẹ̀lú. Tí ibẹ̀ bá ti rọ̀, ẹ má fi jáàkì gbé ọkọ̀ náà láti ibẹ̀ rárá.

Igi máńgòrò yẹn kò ràn yín lọ́wọ́. Ní iwájú gíláàsì iwájú, lórí ara ọkọ̀, ihò tẹ́ẹ́rẹ́ kan wà tí atẹ́gùn ń gbà wọnú ọkọ̀, ó sì ní rọ́bà kékeré tí omi òjò ń gbà jáde. Ewé máńgòrò tó já sínú ihò yẹn fún ọdún mẹ́rìnlá ti di ẹrẹ̀, omi kò rí ọ̀nà jáde mọ́, ibi tí ẹsẹ̀ awakọ̀ wà ló sì máa ń já sí. Ẹ tún yọ ewé kúrò nínú àwọn fẹ́ńdà. Ẹ wo ibi tí sípíà táyà ń gbé níwájú lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, ẹ wo ibi tí bọ́ńpà ẹ̀yìn ti so mọ́ ara, kí ẹ sì wo ìsàlẹ̀ àwọn gíláàsì. Rọ́bà gíláàsì tó ti gan máa ń jẹ́ kí omi yọ́ wọlé, pàápàá gíláàsì ẹ̀yìn.

Ẹ má jẹ́ kí ohun tí ẹ bá rí dẹ́rù bà yín. Ìjàpá jẹ́ ọkọ̀ tó ní ìrètí ju ọ̀pọ̀ ọkọ̀ ìgbà rẹ̀ lọ. Èyí tí bàbá rà ní 1978 lè jẹ́ ti ilé iṣẹ́ Volkswagen ní Ọ̀jọ́, lójú ọ̀nà Badagry ní Èkó, níbi tí wọ́n ti bẹ̀rẹ̀ sí í to Ìjàpá pọ̀ láti ọdún 1975. Brazil náà ṣe tiwọn nígbà náà, tí wọ́n ń pè ní Fusca. Mẹ́síkò kò dá tiwọn dúró títí di ọjọ́ 30 oṣù Keje ọdún 2003 ní Puebla, ìgbà tí gbogbo Ìjàpá tí wọ́n ti ṣe láyé ti lé ní mílíọ̀nù mọ́kànlélógún. Ọkọ̀ tó pọ̀ báyìí, wọ́n ṣì ń ṣe irin rẹ̀ tuntun: ilẹ̀ ọkọ̀ lódidi, hítà ṣánẹ́ẹ̀lì lódidi, fẹ́ńdà. Bóòtì ni wọ́n sì fi de fẹ́ńdà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mọ́ ọn, kì í ṣe pé wọ́n jó o mọ́ ọn. Fẹ́ńdà tó ti jẹra, ẹ tú u dànù kí ẹ ra òmíràn. Kò yẹ kí ẹnikẹ́ni fi ọjọ́ mẹ́ta lẹ fẹ́ńdà.

Ní ti iṣẹ́ fúnra rẹ̀. Wọ́n gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fọ ọkọ̀ náà dáadáa lábẹ́ àti lókè, kó gbẹ, kí wọ́n sì tú u: gíláàsì, rọ́bà, bọ́ńpà, iná, fẹ́ńdà, ìjókòó. Ẹ ya fọ́tò gbogbo rẹ̀, ẹ kó bóòtì ibì kọ̀ọ̀kan sínú ọ̀rá tirẹ̀ kí ẹ kọ orúkọ sí i. Pánẹ́ẹ̀lì-bítà tó bá ní òun á fi nílọ́nù àti ìwé ìròyìn bo gíláàsì láìyọ ọ́, ó ti sọ fún yín pé òun kò ní dé ibi tí ìpáàrà wà, torí abẹ́ rọ́bà yẹn gan-an ni ó ti ń bẹ̀rẹ̀. Táǹkì epo pẹtiróòlù, iwájú ló wà nínú Ìjàpá, lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Wọ́n gbọ́dọ̀ yọ ọ́ pátápátá kúrò nínú ọgbà iṣẹ́ kí iná ìjórin tó sún mọ́ ibẹ̀. Mi ò fẹ́ gbọ́ pé ó ti gbẹ. Táǹkì tó gbẹ, òórùn epo inú rẹ̀ ló ń bú gbàmù.

Kí wọ́n tó gé hítà ṣánẹ́ẹ̀lì, wọ́n gbọ́dọ̀ fi páìpù irin jó ẹnu ọ̀nà ilẹ̀kùn pọ̀ láti iwájú sí ẹ̀yìn, kí ara ọkọ̀ má bàa yí. Kí wọ́n ṣe apá kan tán pátápátá kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìkejì. Mo ti rí Ìjàpá tí wọ́n gé méjèèjì lẹ́ẹ̀kan náà láìdè é. Nígbà tí wọ́n jó o tán, kò sí ilẹ̀kùn tó pa dé mọ́. Ilẹ̀kùn ni wọ́n ń lù láti mú un bá ọkọ̀ mu, ilẹ̀kùn kò sì mọwọ́ mẹsẹ̀.

Gígé ni ibi tí a ti ń mọ ẹni tó mọṣẹ́. Kò ní dúró níbi tí ihò parí sí. Á gé kọjá ibẹ̀ títí tó fi máa dé irin funfun tó ń dán, tó nípọn bó ṣe yẹ, á sì tún fi nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà méjì kún un. Irin tó ti ní àbàwọ́n kéékèèké bí ojú ẹni tí ṣànpọ̀nná ti jà, tí ẹ bá gbé tọ́ọ̀ṣì sẹ́yìn rẹ̀ tí ìmọ́lẹ̀ ń yọ, irin kọ́ nìyẹn mọ́. Ohun tí á fi dí i gbọ́dọ̀ jẹ́ irin pẹlẹbẹ tuntun tó nípọn tó ti ọkọ̀, nǹkan bíi mílímítà kan tàbí kó dín díẹ̀. Ẹ má jẹ́ kó lo páànù ilé. Ó tinrin jù, síǹkì tí wọ́n fi bo páànù sì máa ń rú èéfín tó ń fa ibà fún ẹni tó ń jó o.

Ọ̀pọ̀ àwọn ajórin wa ṣì ń lo gáàsì, ẹlòmíràn sì ń fi omi po kábáídì láti rí i. Iná yẹn lè ṣiṣẹ́ tó dáa lọ́wọ́ ẹni tó ní sùúrù, torí òun ni àwọn pánẹ́ẹ̀lì-bítà fi ń jó ara ọkọ̀ láyé ìgbà kan. Àmọ́ ó gbóná gan-an, irin Ìjàpá sì tẹ́ẹ́rẹ́, á sì wọ́ bí ewé tí oòrùn pa. Ẹ̀rọ MIG, ìyẹn ẹ̀rọ ìjórin oníná mànàmáná tó ń ti wáyà jáde fúnra rẹ̀, tó bá ń lo wáyà mílímítà 0.6, ló dára jù. Èyíkéyìí tó bá lò, kó máa kàn án ní ojúàmì lójúàmì, ọ̀kan níhìn-ín, ọ̀kan lọ́hùn-ún, kó jẹ́ kó tutù kó tó padà síbẹ̀. Ẹni tó bá fa iná láti òpin kan dé òpin kejì lẹ́ẹ̀kan náà, pọ́tì ni yóò fi tún ohun tó bàjẹ́ ṣe.

Àwọn kan á sọ fún yín nípa fífi yanrìn fọ́n ìpáàrà dànù. Ó dára fún ṣáásì, rííìmù àti irin tó nípọn. Kí wọ́n má fi sún mọ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, òrùlé tàbí ilẹ̀kùn, torí irin gbalasa máa ń wú, kì í sì í padà sípò. Oògùn tó ń yọ ọ̀dà àti irin tí wọ́n fi ń ha ọ̀dà ló yẹ fún ibẹ̀. Ìpáàrà tó kù nínú àbàwọ́n kéékèèké tí irin rẹ̀ ṣì le ni ásíìdì fọ́sífọ́ríìkì wà fún. Á sọ ìpáàrà náà di dúdú tàbí eérú. Lẹ́yìn rẹ̀, kí wọ́n fọ̀ ọ́ bí olùpèsè rẹ̀ ṣe kọ ọ́ sára ìgò, kí wọ́n sì gbẹ ẹ́ lójú ẹsẹ̀. Bí ásíìdì bá ṣẹ́kù, práímà, ìyẹn ọ̀dà àkọ́kọ́ tó ń lẹ̀ mọ́ irin, á gbá kúrò lórí rẹ̀ nígbẹ̀yìn. Oògùn yìí kì í dá irin tó ti lu padà o. Ẹ máa rí ìpolówó tó sọ pé ó ń ṣe bẹ́ẹ̀.

Ibi tí mo ti ń bá àwọn ọmọ iṣẹ́ mi jà jù lọ nìyí: irin tí ẹ ti bó kò gbọ́dọ̀ sùn níhòòhò. Nílẹ̀ wa tí ọ̀rinrin wà nínú afẹ́fẹ́, wákàtí díẹ̀ ti tó kí ìpáàrà tuntun bẹ̀rẹ̀, ìka tí ẹ fi tẹ̀ ẹ́ pàápàá á hàn lára rẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Torí náà, kí wọ́n má bó gbogbo ọkọ̀ lọ́jọ́ kan. Ibi tí wọ́n bá lè bó, tí wọ́n lè nù, tí wọ́n sì lè fọ́n práímà sí kí ilẹ̀ tó ṣú ni kí wọ́n bó. Práímà náà ni epoxy olómi-méjì, èyí tí wọ́n ń po omi rẹ̀ méjèèjì pọ̀ kí wọ́n tó fọ́n ọn, nítorí òun kì í jẹ́ kí omi kọjá. Práímà pupa tí wọ́n ń tà lágolo ní gbogbo ṣọ́ọ̀bù, omi ń gba inú rẹ̀ kọjá. Mo mọ̀ pé owó epoxy ga. Tí owó yín kò bá ká gbogbo nǹkan, ẹ dín owó ọ̀dà ìkẹyìn kù, ẹ ra epoxy.

Kí wọ́n tó fi sáńpépà kan ojú kankan, kí wọ́n kọ́kọ́ nu ọ̀rá kúrò níbẹ̀. Tí wọ́n bá yọ́ ọ kí wọ́n tó nù ún, wọ́n ti fi sáńpépà gún ọ̀rá náà wọ inú irin nìyẹn, ọ̀dà á sì sá níbẹ̀, á ṣe bí ojú ẹja. Kí wọ́n lo oògùn ìnu-ọ̀rá tí wọ́n ṣe fún un, pẹ̀lú aṣọ méjì tó mọ́, ọ̀kan láti fi tú u, èkejì láti gbẹ ẹ́ kó tó fẹ́ lọ fúnra rẹ̀. Kẹrosíìnì kọ́ o. Kẹrosíìnì fúnra rẹ̀ jẹ́ òróró, ó ń fi ọ̀rá sílẹ̀ lẹ́yìn. Bẹ́ẹ̀ náà ni pẹtiróòlù, tó tún lè pa èèyàn.

Orí epoxy tó ti gbẹ ni pọ́tì wà fún, ibi tí irin ti wọ́ díẹ̀ tí òòlù kò lè tún un ṣe mọ́ sì nìkan ni. Kó má ju mílímítà mẹ́ta lọ, ìdí nìyẹn tí ẹni tó mọ òòlù lò fi sàn ju ẹni tó mọ pọ́tì pò. Gbígbẹ ni wọ́n ń yọ́ pọ́tì, wọn kì í fi omi yọ́ ọ. Mo mọ̀ pé àwọn péńtà wa fẹ́ràn omi, wọ́n á ní eruku ò ní fò. Omi tí pọ́tì mu lọ́jọ́ yẹn, abẹ́ ọ̀dà ló máa wà. Sáńpépà nọ́ńbà 80 ni kí wọ́n fi gbẹ́ ẹ, kí wọ́n fi 180 tẹ̀ lé e, kí wọ́n sì fi igi pẹlẹbẹ sẹ́yìn sáńpépà. Ọwọ́ lásán máa ń gbẹ́ kòtò sí ojú tó tẹ́.

Lẹ́yìn èyí ni práímà tó nípọn, lẹ́ẹ̀méjì tàbí lẹ́ẹ̀mẹ́ta, kí wọ́n sì fọ́n ọ̀dà dúdú fẹ́ẹ́rẹ́fẹ́ lé e lórí bí ìgbà tí a wọ́n ata. Tí wọ́n bá fi nọ́ńbà 400 yọ́ ọ, ibi tí dúdú bá kù sí ni kòtò wà, ibi tó bá tètè kúrò ni òkè. Ojú kò lè rí ohun tí dúdú yẹn ń fi hàn, pàápàá lára Ìjàpá tí kò níbi tó tẹ́jú. Kí wọ́n fi nọ́ńbà 600 parí rẹ̀. Kí ó tó di pé wọ́n fọ́n àwọ̀, kí wọ́n fi rọ́bà olómi dí gbogbo ojú ìsopọ̀ irin, nínú àti lábẹ́.

Fún búlúù bàbá yín, ẹ má fi ojú òkè wọn àwọ̀ náà, oòrùn ti jẹ ẹ́. Ẹ wá ibi tí oòrùn kò dé rí, bí abẹ́ rọ́bà gíláàsì tàbí inú ihò fẹ́ńdà lẹ́yìn tí ẹ bá tú u, kí ẹ gbé irin tó ní àwọ̀ yẹn lọ sọ́dọ̀ àwọn tó ń po ọ̀dà. Búlúù tí ẹ máa rí níbẹ̀ lè yà yín lẹ́nu. Òun ni bàbá rí lọ́jọ́ tí wọ́n gba kọ́kọ́rọ́.

Ìgbà tí wọ́n fọ́n ọ̀dà ṣe pàtàkì. Nígbà òjò, ọ̀rinrin máa ń bá ọ̀dà gbẹ, á sì ṣú funfun bí ẹni tú lẹ́búlẹ́bú sí i. Nígbà ọyẹ́, eruku ni ọ̀tá. Èmi máa ń yan ìgbà ọyẹ́. Aago mẹ́wàá àárọ̀ ni mo máa ń bẹ̀rẹ̀, tí ìrì ti gbẹ tán lára irin, màá bu omi wọ́n ilẹ̀ yíká kí eruku má dìde, inú ilé tó ní ògiri àti òrùlé ni màá sì ti ṣe é. Ìdí igi lẹ́bàá ọ̀nà kò dára fún un. Ẹni tó ń fọ́n ọ̀dà olómi-méjì gbọ́dọ̀ lo ìbòmú tuntun tó ní àgbá kékeré tó ń sẹ́ afẹ́fẹ́, kó sì jẹ́ kí atẹ́gùn wọlé. Kẹ́míkà kan tó ń jẹ́ isocyanate wà nínú hádínà, ìyẹn omi kejì tí wọ́n ń pò mọ́ ọ̀dà kó lè le, ó sì lè fún èèyàn ní ikọ́ fée tí kì í fi í sílẹ̀ mọ́. Aṣọ tí wọ́n so mọ́ imú kò lè dá a dúró. Ẹ sanwó ìbòmú náà fún un, ẹ má dúró kó béèrè.

Tí gbogbo rẹ̀ bá ti gbẹ, ó ku ohun kan tí ọ̀pọ̀ máa ń gbàgbé: inú àpótí irin tí ọ̀dà kò lè dé. Kí wọ́n fi ọ̀pá gígùn fọ́n ìda olómi sínú hítà ṣánẹ́ẹ̀lì, sínú ìsàlẹ̀ ilẹ̀kùn àti lẹ́yìn iná, kí wọ́n sì rí i pé ihò tí omi ń gbà jáde ní ìdí ilẹ̀kùn ṣí sílẹ̀. Àwọn àgbà wa ń lo ọ́ìlì kọ́ńdéèmù, mi ò lè pè wọ́n ní aláìmọ̀kan, torí ó ń lé omi sẹ́yìn. Àmọ́ ó ń ba rọ́bà jẹ́, ó sì ń ṣàn lọ nígbà ooru. Ìda ló dára jù. Lẹ́yìn ọ̀dà ni kí wọ́n fọ́n ọn. Bó bá ṣáájú, kò sí ọ̀dà tó máa lẹ̀ mọ́ ibi tó bá ta sí.

Nípa oṣù Kejìlá: iṣẹ́ yìí gba oṣù méjì sí mẹ́ta lọ́wọ́ ẹni tí kò ní ọkọ̀ mìíràn nílẹ̀, wọ́n sì lè máa jó irin lábẹ́ òrùlé nígbà òjò bí práímà bá ń bo ohun tí wọ́n bó lójoojúmọ́. Tí kò bá ní parí kí ọjọ́ ìrántí tó dé, ẹ má fi ipá mú un. Bí wọn ò bá sì tíì tú u, ẹ fọ̀ ọ́, ẹ fi atẹ́gùn sí táyà, ẹ tì í jáde síwájú ilé kí ẹ gbé fọ́tò bàbá lé bọ́nẹ́ẹ̀tì rẹ̀. Àwọn ọ̀rẹ́ wọn á mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ọ̀dà tó ti ṣá yẹn ju tuntun lọ. Kí iṣẹ́ bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ kejì.

Nígbà tí ẹ bá ń bá pánẹ́ẹ̀lì-bítà tuntun dúnàádúrà, ẹ sọ fún un pé ẹ máa wá wò ó lẹ́ẹ̀mẹ́ta: nígbà tó bá gé e tán, nígbà tó bá jó o tán tí práímà kò tíì kàn án, àti kí pọ́tì tó débẹ̀. Kí owó yín máa tẹ̀ lé ìwò mẹ́ta yẹn. Gbogbo irin tó bá gé kúrò, ẹ ní kó kó o sínú àpò kan fún yín. Bí àpò yẹn bá fúyẹ́, ẹ padà lọ dọ̀bálẹ̀ wo abẹ́ ilẹ̀kùn.